Kí Ló Ń Yí Mẹ́tàlì Owó Wẹ́wẹ́ Padà? Àgbéyẹ̀wò láti Ayé Ọ̀nínì dé Náírà Méjì

Lọ́dún 1907, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó owó onírin kékeré kan dé Nàìjíríà. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi rọ ọ́, ó fúyẹ́ lọ́wọ́, ihò sì wà láàárín rẹ̀ kí ó lè ṣeé sín mọ́ okùn. Ìdá kan nínú mẹ́wàá kọ́bọ̀ ayé ìgbà náà, ìyẹn pẹ́nì, ni iye rẹ̀. Ọ̀nínì ni àwọn bàbá wa pè é. Nígbà tí yóò fi di 1908, àdàlù bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń rọ ọ̀nínì, nítorí pé alumíníọ̀mù kò lè fara da ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa. Ní 1952, wọ́n tún pààrọ̀ mẹ́tàlì rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ọdún gééré lẹ́yìn ọ̀nínì àkọ́kọ́, ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2007, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé náírà méjì onírin jáde. Mẹ́tàlì oríṣi méjì ló wà lára rẹ̀, ọ̀kan ní àárín, èkejì yí i ká. Ẹ̀rọ tó rọ èyí ìkẹyìn dára ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì. Síbẹ̀, ọ̀nínì ra nǹkan lọ́jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí lẹ́yìn 2007 ni kò tíì fi náírà méjì onírin ra ohunkóhun rí.

Kí ló ń mú kí wọ́n máa pààrọ̀ mẹ́tàlì inú owó wẹ́wẹ́? Kí ni àyípadà náà ń ṣe fún ẹni tó ń ná an? Ìdáhùn mẹ́ta ló wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn. Àwọn kan ní ìjọba ló ń ré aráàlú jẹ, tí wọ́n ń yọ ohun tó níye lórí kúrò, tí wọ́n ń fi ohun tí kò níye rọ́pò rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ ìṣúná lásán ni, pé ẹni tó bá ń rọ owó gbọ́dọ̀ wá mẹ́tàlì tí kò wọ́n. Àwọn kẹta ní ọ̀làjú ló fà á, pé irin tí wọ́n fi bàbà bò lára jẹ́ iṣẹ́ ọgbọ́n ìgbàlódé. Òótọ́ díẹ̀díẹ̀ wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n tí a bá to ìtàn owó wẹ́wẹ́ wa àti ti àwọn ẹlòmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ohun kan ló ń hàn léraléra: àyípadà mẹ́tàlì lè gba owó onírin lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ yọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò lè gbà á lọ́wọ́ ọ̀wọ́ngógó ọjà.

Iye méjì tó wà lórí owó kan

Gbogbo owó onírin ló ní iye méjì. Àkọ́kọ́ ni iye tí wọ́n kọ sí i lójú, èyí tí òfin fi lélẹ̀. Èkejì ni iye tí mẹ́tàlì inú rẹ̀ yóò mú wá bí ẹnì kan bá yọ́ ọ tà. Iṣẹ́ àwọn tó ń rọ owó ni láti rí i pé iye kejì kéré sí àkọ́kọ́ nígbà gbogbo. Ohun tó wà láàárín méjèèjì ni wọ́n fi ń san owó iṣẹ́ àti owó ọkọ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn náà di èrè ìjọba.

Nǹkan méjì ló lè da ètò yìí rú. Mẹ́tàlì lè wọ́n sí i lọ́jà àgbáyé, tàbí kí owó ìlú náà fúnra rẹ̀ sọ agbára nù, tí ohun gbogbo tí wọ́n ń fi í rà á wọ́n, mẹ́tàlì náà á sì wọ́n pẹ̀lú. Èyí tó wù kó ṣẹlẹ̀, iye méjèèjì á máa súnmọ́ ara wọn. Bí iye mẹ́tàlì bá wá borí iye ojú, owó náà kò ní í pẹ́ kó tó pòórá: àwọn kan á kó o pamọ́, àwọn mìíràn á kó o lọ sẹ́nu iná.

Ẹ jẹ́ ká fi pẹ́nì àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìṣirò kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa yékéyéké. Pẹ́nì tí wọ́n ń rọ láti 1971 títí di 1992 wúwo tó gírámù 3.56, bàbà sì ni 97 nínú 100 rẹ̀. Sínkì àti tánganran ló pa èyí tó kù pọ̀. Tí èèyàn bá kó irú pẹ́nì bẹ́ẹ̀ jọ títí ó fi wúwo tó tọ́ọ̀nù kan, yóò tó nǹkan bí 280,900 ẹyọ. Iye ojú wọn jẹ́ nǹkan bí £2,809. Bàbà tó wà nínú wọn yóò tó kílógírámù 970. Bí tọ́ọ̀nù bàbà kan bá wá ń lọ ní £7,000, bàbà náà yóò tó £6,790. Ẹni tó bá kó £2,809 lọ sí báǹkì láti fi gba pẹ́nì ti gba ohun tó níye lórí ju ìlọ́po méjì owó rẹ̀ lọ. Òfin Gẹ̀ẹ́sì kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti yọ́ owó láìgba ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n òfin nìkan kò tó láti ṣọ́ irú èrè bẹ́ẹ̀.

Kí irú ìyẹn má bàa ṣẹlẹ̀, láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 1992, irin ni wọ́n fi ń rọ pẹ́nì, tí wọ́n wá fi bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó lára. Àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà, ìwúwo rẹ̀ kò yí padà. Nítorí pé irin fúyẹ́ ju bàbà lọ, wọ́n ní láti mú kí owó náà nípọn sí i, láti mìlímítà 1.52 sí 1.65. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò nílò ìwé: kó gbé mágnẹ́ẹ̀tì sún mọ́ ọn. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni. Èyí tí kò bá lẹ̀ jẹ́ ti àtijọ́, bàbà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ǹjẹ́ ìjọba ń ré wa jẹ?

Ìfura yìí ní gbòǹgbò nínú ìtàn. Ní ayé tí owó jẹ́ fàdákà tàbí wúrà gidi, ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an ni àwọn èèyàn ń gbà. Nígbà náà, ẹni tó bá dín fàdákà kù láìsọ jalè. Nílùú Róòmù àtijọ́, àwọn ọba aláṣẹ dín fàdákà inú owó wọn kù díẹ̀díẹ̀ títí, nígbà ìjọba Gallienus ní ọ̀rúndún kẹta, fàdákà kò tó 5 nínú 100 mọ́. Ọba Henry Kẹjọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe bẹ́ẹ̀ láti 1544. Wọ́n fi fàdákà bo bàbà, nígbà tí fàdákà ojú ọba lórí owó náà sì bẹ̀rẹ̀ sí họ, imú rẹ̀ ló kọ́kọ́ pọ́n. Àwọn èèyàn sọ ọba wọn ní onímú bàbà.

Irú ìwà bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí ohun tí wọ́n ń pè ní òfin Gresham ṣẹ: bí owó méjì bá ní iye kan náà lójú, tí ọ̀kan sì dára ju èkejì lọ nínú, aráàlú á ná èyí tí kò dára, wọ́n á fi èyí tó dára pamọ́. Nígbà tí Amẹ́ríkà yọ fàdákà kúrò nínú owó sẹ́ǹtì mẹ́wàá àti sẹ́ǹtì márùndínlọ́gbọ̀n pẹ̀lú òfin ọdún 1965, èyí tí ó jẹ́ 90 nínú 100 fàdákà títí di 1964, kò pẹ́ tí èyí alárà fàdákà fi kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ń náwó. Ó wọ inú àpótí.

Ṣùgbọ́n owó wẹ́wẹ́ òde òní yàtọ̀. Kò sẹ́ni tó ń gba náírà kan onírin nítorí irin tó wà nínú rẹ̀. Àmì lásán ni. Òfin àti ìgbàgbọ́ aráàlú ló fún un lágbára. Bí ìjọba bá fi irin rọ́pò bàbà nínú irú owó bẹ́ẹ̀, tí ohun tó lè rà kò yí padà, kò ré ẹnikẹ́ni jẹ. Ibi tí a ti ń ré aráàlú jẹ wà níbòmíràn: nínú kí wọ́n máa tú owó síta títí agbára ohun tó wà lọ́wọ́ wa fi lọọlẹ̀. Àwọn bàbá ńlá wa rí èyí nígbà tí kò tíì sí mẹ́tàlì nínú owó wọn rárá. Láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn oníṣòwò ará Jámánì ti ń kó owó ẹyọ ńláńlá láti Zanzibar wá sí etíkun Èkó àti ti Dahomey. Ẹyọ kò yọ́, kò dípẹtà, kò sẹ́ni tó lè lú u ní àdàlù. Síbẹ̀ ó pọ̀ lọ́jà títí ohun tí ọ̀kẹ́ kan ń rà tẹ́lẹ̀ fi di ohun tí ọ̀kẹ́ mélòó kan kò lè rà mọ́.

Ṣílè fàdákà di ṣílè idẹ

Nínú gbogbo àyípadà tó kan ilẹ̀ wa, ti ọdún 1920 ló ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ jù. Ṣáájú 1912, owó fàdákà tí wọ́n ń ná ní London ni wọ́n ń kó wá sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Iye tí wọ́n ń kó wá pọ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tí wọ́n ń kó síta nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí ba àwọn aláṣẹ: bí gbogbo owó yìí bá padà sílé lọ́jọ́ kan ńkọ́? Lọ́dún 1912 ni wọ́n dá Ìgbìmọ̀ Owó Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Láti 1913, ìgbìmọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí kó tọ́rọ́ (pẹ́nì mẹ́ta), sísì (pẹ́nì mẹ́fà), ṣílè àti ṣílè méjì tirẹ̀ jáde, fàdákà sì ni 925 nínú 1,000 wọn.

Kò tó ọdún mẹ́wàá tí ètò náà fi dàrú. Wọ́n ń rọ áúǹsì fàdákà kan sí owó tí iye ojú rẹ̀ jẹ́ pẹ́nì 66. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, fàdákà gbówó lórí. Ní oṣù Kejì ọdún 1920, áúǹsì kan dé pẹ́nì 89 àti ààbọ̀ lọ́jà London. Ṣílè tó wà lápò ìyálọ́jà l'Éèkó wá níye lórí lẹ́nu iná ju lórí àtẹ lọ. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dín fàdákà inú owó tiwọn kù sí ìdajì lọ́dún yẹn kan náà, ó sì di 1947 kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò pátápátá. Ní tiwa, idẹ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi rọ́pò fàdákà láti 1920. Ohun tí wọ́n fi ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ṣe nílé wọn, wàràwàrà ni wọ́n ṣe é fún àwọn tí wọ́n ń ṣàkóso lé lórí. Ó yẹ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: nínú ìlú tí aráàlú kò ní ohùn nínú ìjọba, àyípadà mẹ́tàlì máa ń yára, àlàyé rẹ̀ a sì máa ṣọ̀wọ́n.

Àyípadà náà tún bí ìṣòro mìíràn. Idẹ kì í ṣe àjèjì sí àwọn alágbẹ̀dẹ wa; láti ìgbà pípẹ́ ni wọ́n ti ń da idẹ, tí wọ́n ń fi í ṣe edan àti ẹ̀gbà. Fàdákà ṣòro fún ayédèrú nítorí pé ẹni tó fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí fàdákà. Idẹ wà níbi gbogbo. Ọ̀jọ̀gbọ́n Toyin Falola ti kọ̀wé lórí bí ayédèrú owó ṣe gbilẹ̀ ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà lábẹ́ ìjọba amúnisìn. Ohun tó yẹ ká dì mú níbẹ̀ ni pé mẹ́tàlì inú owó ní iṣẹ́ méjì: kó má wọ́n jù, kó má sì rọrùn jù láti fara wé. Ẹni tó bá lépa ọ̀kan láìwo èkejì yóò padà san gbèsè rẹ̀.

Àyípadà kò dúró níbẹ̀. Ní 1938, tọ́rọ́ di àdàlù bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì. Níkẹ́ẹ̀lì wọ inú idẹ sísì àti ṣílè. Ní 1952, ọ̀nínì, ẹ́pìnnì (ààbọ̀ pẹ́nì) àti kọ́bọ̀ di bàbà pupa tí wọ́n fi tánganran díẹ̀ lù. Nígbà tí Nàìjíríà ní owó onírin tirẹ̀ lọ́dún 1959, ẹ́pìnnì àti kọ́bọ̀ ṣì jẹ́ bàbà pupa tó ní ihò, tọ́rọ́ jẹ́ idẹ oníníkẹ́ẹ̀lì, sísì, ṣílè àti ṣílè méjì sì jẹ́ àdàlù bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì tó funfun. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyí, mẹ́tàlì ń yí, àwọn èèyàn ṣì ń ná owó náà láìjanpata, nítorí pé ṣílè kan ṣì ń ra ohun tó lójú.

Nígbà tí ogun bá gba bàbà

Bí ìṣúná ṣe ń yí mẹ́tàlì, bẹ́ẹ̀ náà ni ogun. Sẹ́ǹtì kan ti Amẹ́ríkà ni àpẹẹrẹ tó kún jù, nítorí pé ó ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ara láti 1793. Bàbà lásán ni nígbà náà. Ní 1857, níkẹ́ẹ̀lì wọ inú rẹ̀. Ní 1864, ó di bàbà tí wọ́n fi tánganran àti sínkì lù. Nígbà tó di 1943, bàbà di ohun èlò ogun, wọ́n wá fi irin tí wọ́n fi sínkì bò rọ sẹ́ǹtì. Ọdún kan péré ló fi wà bẹ́ẹ̀. Irin náà ń dípẹtà, àwọ̀ rẹ̀ funfun débi tí àwọn èèyàn fi ń ṣì í mú fún sẹ́ǹtì mẹ́wàá, ẹ̀rọ tí wọ́n ń ki owó bọ̀ láti fi rajà sì kọ̀ ọ́. Láti 1944, wọ́n padà sí bàbà, wọ́n sì ń lo ìkòkò ọta ìbọn tí wọ́n ti yìn pẹ̀lú rẹ̀.

Ní 1982, wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń sá fún. Bàbà wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí sẹ́ǹtì kan fi fẹ́rẹ̀ẹ́ níye ju ara rẹ̀ lọ. Wọ́n sọ ọ́ di sínkì tí bàbà bò, bàbà kò ju 2.5 nínú 100 rẹ̀ lọ. Ìwúwo rẹ̀ bọ́ láti gírámù 3.11 sí 2.5. Ìyẹn fún wọn ní ìsinmi, ṣùgbọ́n kì í ṣe títí láé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2006, ìjọba wọn ní láti ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yọ́ sẹ́ǹtì kan tàbí sẹ́ǹtì márùn-ún. Nígbà tó di ọdún ìṣúná 2024, ó ń ná wọn ní sẹ́ǹtì 3.69 láti rọ sẹ́ǹtì kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, wọ́n rọ èyí ìkẹyìn tí yóò wà fún ìnáwó ní Philadelphia. Ní ìgbẹ̀yìn, sínkì tó rọ́pò bàbà fún sẹ́ǹtì ní nǹkan bí ọdún mẹ́tàlélógójì láyé sí i. Kò fún un ní agbára tó ti sọ nù.

Àyípadà mẹ́tàlì tún ní iye owó tí kì í hàn nínú ìwé ilé ìrọwó. Nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pẹ́nì márùn-ún àti pẹ́nì mẹ́wàá di irin tí níkẹ́ẹ̀lì bò, tó bọ́ sí ọwọ́ àwọn èèyàn ní 2012, owó náà nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ tí ń gba owó ìgbọ́kọ̀sí àti ẹ̀rọ ọlọ́jà káàkiri ìlú ní láti gba àtúnṣe, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ àti oníṣòwò ló sì san án. Ìjọba jèrè lápá kan, ẹlòmíràn sì sanwó lápá kejì.

Kọ́bọ̀, láti 1973 sí 2007

Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1973, Nàìjíríà fi náírà àti kọ́bọ̀ rọ́pò pọ́n-ùn àti ṣílè. Ààbọ̀ kọ́bọ̀ àti kọ́bọ̀ kan jẹ́ bàbà pupa. Kọ́bọ̀ márùn-ún, mẹ́wàá àti márùndínlọ́gbọ̀n jẹ́ àdàlù bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì. Àwọn àgbà wa ń bá a lọ láti pe kọ́bọ̀ márùn-ún ní sísì, kọ́bọ̀ mẹ́wàá ní ṣílè, nítorí pé ìṣirò náà bára mu, ohun tí wọ́n sì lè fi rà kò tíì jìnnà sí ti àtẹ̀yìnwá. Owó yẹn ní ìwúwo lọ́wọ́ àti lọ́jà.

Nígbà tó di 1991, ohun gbogbo ti yí padà. Kọ́bọ̀ kan, mẹ́wàá àti márùndínlọ́gbọ̀n di irin tí bàbà bò. Kọ́bọ̀ mẹ́wàá tó funfun tẹ́lẹ̀ wá pọ́n. Àádọ́ta kọ́bọ̀ tó ní àwòrán àgbàdo lára, àti náírà kan tó ní àwòrán Herbert Macaulay, tó jẹ́ owó bébà tẹ́lẹ̀, jáde ní irin tí níkẹ́ẹ̀lì bò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wo iye bàbà lọ́jà àgbáyé nìkan. Kó wo iye dọ́là. Ní 1985, dọ́là kan kò tó náírà kan. Lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ọdún 1986, náírà bẹ̀rẹ̀ sí já bọ́. Ní 1991, dọ́là kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦10. Bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń fi dọ́là rà wá di ohun tó gba náírà ìlọ́po mẹ́wàá. Ibi tí bàbà ti wọ́n fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì nítorí ọjà àgbáyé, tiwa wọ́n jù nítorí pé náírà fúnra rẹ̀ ló ń fúyẹ́.

Irin dín iye owó rírọ kù. Ṣùgbọ́n kò dá náírà dúró. Nígbà tó di 2007, dọ́là kan ti kọjá ₦120, ìjọba sì tún gbé irin tuntun jáde: àádọ́ta kọ́bọ̀, náírà kan àti náírà méjì. Wọ́n lẹ́wà lójú. Ṣùgbọ́n àwọn ìyálọ́jà kọ̀ wọ́n, àwọn awakọ̀ kọ̀ wọ́n, alágbe pàápàá kọ̀ wọ́n. Òfin Báǹkì Àpapọ̀ tó jáde lọ́dún yẹn kan náà sọ pé ẹni tó bá kọ náírà lè san ìtanràn ₦50,000 tàbí kó fi oṣù mẹ́fà jẹ́wọ̀n, síbẹ̀ owó náà kò gbérí. Òfin lè fìyà jẹ ẹni tó kọ owó. Kò lè mú kí àádọ́ta kọ́bọ̀ ra ẹyọ ata kan. Nígbà tí ọ̀wọ́ngógó ń run owó wa, tí àwa sì ń jiyàn lórí irin tí a ó fi rọ ọ́, ẹ̀tẹ̀ ni a fi sílẹ̀ tí à ń pa làpálàpá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Chukwuma Soludo, tó jẹ́ gómìnà Báǹkì Àpapọ̀ nígbà náà, mọ èyí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2007, ó kéde ètò láti gé odo méjì kúrò lára náírà, kí ₦100 di náírà kan, kí kọ́bọ̀ lè tún ra nǹkan. Ìjọba Ààrẹ Umaru Yar'Adua dá ètò náà dúró. Ìdájọ́ lórí rẹ̀ kò rọrùn: gígé odo nìkan kì í dá ọ̀wọ́ngógó dúró, ìlú tó bá gé odo tí kò sì dẹ́kun títú owó síta yóò tún padà gé e lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣùgbọ́n ètò náà kọjú sí ibi tí àìsàn wà gan-an, àyípadà irin kò dé ibẹ̀.

Ẹ wo òdìkejì ibodè

Ẹ̀rí tó dára jù lórí ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Àwọn Yorùbá tó wà ní Kétu, Pobè àti Sakété lórílẹ̀-èdè Benin ń ná sefà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó wà ní Togo. Níbẹ̀, owó onírin ṣì wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn lójoojúmọ́. Sefà kan onírin, tó jẹ́ alumíníọ̀mù láti 1961, di irin ní 1976. Àmọ́ sefà márùn-ún ti wà ní àdàlù bàbà àti alumíníọ̀mù láti àwọn ọdún 1960 láìyí padà púpọ̀. Ní 1992, sefà 250 oní-mẹ́tàlì-méjì dé. Ní 2003, 200 àti 500 dé.

Kí ló fà á tí mẹ́tàlì sefà márùn-ún kò fi ní láti sá kiri? Wọ́n so sefà mọ́ owó Faransé, lẹ́yìn náà mọ́ yúrò, ní 655.957 sí yúrò kan. Ìsopọ̀ yẹn ní àríyànjiyàn ńlá tirẹ̀ nípa òmìnira, èmi kò sì fẹ́ fojú kéré rẹ̀. Ìdínkù oṣù Kìíní ọdún 1994, nígbà tí wọ́n gé iye sefà sí ìdajì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, dun àwọn èèyàn gan-an. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí ìgbà náà, ìbàjẹ́ owó náà kò yára bíi ti náírà. Nítorí bẹ́ẹ̀, ohun tí àwọn aráàlú ń ráhùn lé lórí ní Cotonou ni pé ṣéńjì onírin kò tó. Àwọn tiwa l'Éèkó kò fẹ́ ẹ rárá. Mẹ́tàlì tó jọra ni, àyànmọ́ ló yàtọ̀.

Ta ló ń san án nígbà tí owó wẹ́wẹ́ bá kú?

Àwọn kan yóò ní: ẹ jẹ́ kó kú, gbogbo ayé ń lo fóònù báyìí. Èrò náà ní ẹ̀rí. Kánádà rọ sẹ́ǹtì ìkẹyìn lóṣù Karùn-ún ọdún 2012, ó sì dáwọ́ pípín in dúró lóṣù Kejì ọdún 2013, ọrọ̀ ajé wọn kò dàrú. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Ìlànà wà nílẹ̀: ẹni tó bá fi owó ọwọ́ sanwó, wọ́n á gbé iye gbogbo ohun tó rà sí sẹ́ǹtì márùn-ún tó súnmọ́ ọn jù, sókè tàbí sísàlẹ̀. Ẹni tó bá fi káàdì sanwó, iye gan-an ni yóò san. Oníṣòwò kò lè máa gbé e sókè nígbà gbogbo.

Ní tiwa, owó wẹ́wẹ́ kú láìsí ìlànà, ẹni tó lágbára jù lórí àtẹ ló sì ń pinnu. Kọ́ńdọ́ danfo á pariwo pé "Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!", nígbà tí ṣéńjì kò bá sí, á so èrò méjì pọ̀, á ní kí wọ́n lọ pín in láàárín ara wọn nísàlẹ̀. Ní ilé ìtajà ńlá, súìtì ni wọ́n á fi rọ́pò náírà tó kù. Ohun tó yẹ kó gbówó lórí díẹ̀ á fò sókè kọjá ààlà, nítorí pé kò sí owó kékeré tó lè dúró láàárín. Ẹni tó ń ra nǹkan ní ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó ń ra ìyọ̀ díẹ̀, epo díẹ̀ àti ata díẹ̀ lójoojúmọ́ ni yóò san án lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Owó wẹ́wẹ́ jẹ́ ti tálákà ju ti olówó lọ, ikú rẹ̀ sì jẹ́ owó orí tí kò sẹ́ni tó dìbò fún.

Ohun tí ẹ̀rí wọ̀nyí pa pọ̀ sọ

Tí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, okùnfà mẹ́rin ló ń yí mẹ́tàlì owó wẹ́wẹ́ padà. Ojú ọjọ́ lè ba mẹ́tàlì jẹ́, bó ṣe ba ọ̀nínì alumíníọ̀mù jẹ́. Ogun lè gba mẹ́tàlì lọ, bíi ti Amẹ́ríkà ní 1943. Ọjà àgbáyé lè gbé e kọjá iye ojú owó, bíi ti ṣílè fàdákà ní 1920 àti pẹ́nì Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn náà. Ọ̀wọ́ngógó abẹ́lé lè sọ owó di ohun tí kò tó owó tí a fi rọ ọ́, bíi ti kọ́bọ̀ wa. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ṣeé wò sàn pẹ̀lú mẹ́tàlì tuntun. Ìkẹrin kò gba irú oògùn bẹ́ẹ̀.

Bí Nàìjíríà bá tún fẹ́ ní owó onírin tí aráàlú yóò gbà, mo rò pé ohun mẹ́ta ló yẹ. Iye tó bá wà lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ra ohun tí èèyàn lè tọ́ka sí lórí àtẹ lónìí, ì báà jẹ́ ₦50 tàbí ₦100, kí irin tí wọ́n fi rọ ọ́ sì jẹ́ èyí tí kò ní í ta ẹnikẹ́ni lọ́kàn láti yọ́. Ìlànà kíkà owó sókè tàbí sísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀, kí oníbàárà kékeré lè mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ níwájú oníṣòwò. Kí Báǹkì Àpapọ̀ sì máa sọ fún aráàlú lọ́dọọdún iye tó ń ná wọn láti rọ owó kọ̀ọ̀kan àti ohun tó wà nínú rẹ̀, bí ilé ìrọwó Amẹ́ríkà ṣe ń ṣe. Ṣùgbọ́n kí gbogbo èyí tó lè wúlò, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá ọ̀wọ́ngógó dúró. Aráàlú tó kọ náírà méjì ní 2007 kò kọ irin rẹ̀. Ohun tí kò lè rà ni wọ́n kọ̀, wọ́n sì jàre.